Kí Ẹ̀rọ Tó Tẹ̀ Ẹ́

Dúródọlá, gbé àpò rẹ sílẹ̀ ná.
Má tíì fún Múfútáù lówó.
Ẹ̀rọ rẹ̀ ti ń pariwo láti àárọ̀,
òórùn tàdáwà àti kẹrosíìnì ti gba gbogbo Ṣómólú kan,
ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í ka ohun tó ń tẹ̀.
Ohun tó o bá gbé fún un ni yóò sọ di púpọ̀,
àṣìṣe pẹ̀lú.

Mo ka ìtàn rẹ lánàá títí iná fi lọ.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, mo kà á parí.
Ó dáa. Kò tíì tó.
Oòrùn yọ, àkùkọ kọ, ọmọbìnrin náà jí, ó ń fọ eyín:
ojú ewé mẹ́jọ, Dúródọlá, a ṣì ń fọ eyín!
Bẹ̀rẹ̀ níbi tí lándìlọ́ọ̀dù ti ń gbá ilẹ̀kùn.
Ìyá rẹ̀, tó o ní inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi,
gba gbólóhùn yẹn padà, mi ò fẹ́ ẹ.
Jẹ́ kó jókòó, kó máa ṣa ẹ̀wà,
kó da òkúta sínú ìkòkò, kó da ẹ̀wà nù.
Èmi tí mò ń kà á yóò mọ ohun tó ń ṣe é.

Àti Báyọ̀wá, òǹrorò inú ìwé rẹ yẹn,
ta ló máa ń burú láti àárọ̀ ṣúlẹ̀?
Fún un ní nǹkan kan tó fẹ́ràn,
ì báà ṣe ẹyẹlé méjì lórí páànù.

Kà á sókè. Ẹnu a máa kọsẹ̀
níbi tí ojú ti fò kọjá.

Jẹ́ n sọ tèmi, kó o rí nǹkan fi rẹ́rìn-ín.
Ìwé mi àkọ́kọ́, ìsọ̀ yìí náà ni.
Kọ̀ǹpútà Múfútáù gbé gbogbo àmì ohùn mì.
Èmi kọ ọ́ pé ọkọ̀ Ìyáàfin Ṣóbándé bàjẹ́ lórí afárá;
ohun tó jáde ni pé ọkọ rẹ̀ ló bàjẹ́.
Ẹgbẹ̀rún kan ẹ̀dà.
Obìnrin kan dá mi dúró ní Onípàánù:
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọkọ yẹn, ta ló bà á jẹ́?"
Ojú tì mí. Mo délé, mi ò lè sùn.
Ìbéèrè yẹn ni mo fi kọ ìwé kejì.

Ṣùgbọ́n má gbójú lé irú oríire bẹ́ẹ̀.
Alàgbà Ògúnmọ́dẹdé wà ní Fọlá Àgòrò,
tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, báírò pupa, kì í yìnnìyàn.
Sanwó tirẹ̀ kó o tó sanwó béèbà.

Ẹgbẹ̀rún yẹn ńkọ́? Páálí mẹ́rìndínlógún,
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa ní Bàrígà.
Ọkọ mi ń sùn lórí ìtàn, ikán ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀.
Òjò oṣù keje wọlé, ó ka èyí tó kù.
Tẹ ọgọ́rùn-ún.
Bó bá tán, padà wá; Múfútáù ò ní kó lọ.

Bó o bá gbé e fún oníwèé ní Yábàá láwìn,
jẹ́ kó fọwọ́ síwèé. Ẹ̀rín rẹ̀ kì í ṣe rìsíìtì.
Bí àbúrò bàbá rẹ bá ní, "Tèmi dà?"
dá a lóhùn, kó o sì dárúkọ owó.
Ọ̀kan nínú àwọn tí mo fi tọrẹ,
abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì ni mo ti bá a.
Ká sòótọ́, tábìlì náà ò mì mọ́.

Wò ó, Múfútáù ti ń nu ọwọ́, ó ń wò wá.
Sọ fún un pé ó di oṣù tó ń bọ̀.
Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ti sọ ọ́ ṣáájú mi.
Gbé àpò rẹ, ká lọ.
Mo ní ẹ̀wà nílé tí n kò tíì ṣà.
Èmi á máa ṣà á,
ìwọ máa kà á sókè.