Ọkọ̀ Tí Kò Ní Táyà

Olúwatuyì, mo ti wo fídíò tí o fi ránṣẹ́.
Mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta lábẹ́ igi máńgòrò mi ní Òpópónà Ọ̀dà,
kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń hó létí mi bí ìkòkò àgbàdo.
Ṣé alùpùpù nìyẹn? Táyà rẹ̀ dà?
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń lẹ táyà ní Àkúrẹ́,
n kò rí ọkọ̀ tí ń fi àyà wọ́ bí alángbá rí,
tó ń sáré lórí ohun funfun
bí ẹni pé gbogbo àpò láfún ayé ló ya sílẹ̀.

Ìyá rẹ ní, “Ọmọ rẹ ti rí èyí tí o ò lè lẹ̀.”
Mo bá a rẹ́rìn-ín.
Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo gbọ́ tí o sọ pé
orí odò ni ẹ ń gbà kọjá.

Odò, kẹ̀?

Gbọ́. N kò mọ yìnyín.
Èyí tí mo mọ̀ ni èyí tó ń já bọ́ lórí páànù,
tí ẹ̀yin ọmọdé ń ṣà sẹ́nu kó tó yọ́.
Ṣùgbọ́n mo mọ omi.
Omi tó fi aṣọ bojú, omi náà ni.

O rántí Akínlàjà, tó ń fi ọ̀kadà kó kòkó wá láti oko,
tó máa ń ju àgbálùmọ̀ sí ọ láìdúró?
Oṣù Kẹsàn-án ni. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì.
Àlà gun orí afárá, ó tẹ́ pẹrẹsẹ,
ó pọ́n bí ọ̀nà, ó dákẹ́ bí ọ̀nà.
Wọ́n ní kó dúró.
Ó ní, “Ojoojúmọ́ ni mo ń gba ibí.”
Ọ̀kadà la kọ́kọ́ rí.
Òun fúnra rẹ̀, ó di ọjọ́ kẹta,
nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí wọ́n ti ń wa yanrìn.

Ohun tí n kò sọ fún ọ rí nìyí:
èmi ni mo fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà.
Mo gbóòórùn paraga lẹ́nu rẹ̀.
Mo rí àṣíborí rẹ̀, tó fi kọ́ ọwọ́ ọ̀kadà
bí ẹni tó gbé igbá lọ ra epo.
Mo gba owó mi, mo fún un ní ṣéńjì.
Mi ò sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lónìí, bó tilẹ̀ sú ọ.
Dé àṣíborí, kí o de okùn rẹ̀ mọ́ àgbọ̀n; orí ò ní sípíà.
Bí ọtí bá wọ inú, kí ọkọ̀ wọ ilé.
Àwọn onílẹ̀ wà níbẹ̀, tí bàbá wọn ti fẹsẹ̀ wọn odò yẹn:
bi wọ́n. Bí wọ́n bá ní kò tíì nípọn, kò tíì nípọn ni.
Má wo ojú ẹsẹ̀ àná kí o tẹ̀ lé e.
Ojú ẹsẹ̀ kì í sọ bóyá ẹni tó ni ín padà délé.
Má dá lọ. Ẹni tó bá sì wà níwájú rẹ,
fi àyè sílẹ̀ fún un, kó lè ṣubú
láìjẹ́ pé ìwọ ló gùn ún mọ́lẹ̀.
Bí ọwọ́ bá kú tipiri, tí kò mọ bíréèkì mọ́, sọ̀ kalẹ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lè pè ọ́ ní ojo.
Ojo pọ̀ ní Òpópónà Ọ̀dà.
Àwọn ló dàgbà tó láti jókòó sórí bẹ́ǹṣì mi
kí wọ́n máa parọ́.

O ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ yín lẹ ó gbéra.
Mo ti ṣírò ó: aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni níhìn-ín.
N ó ti pa kọ̀mpúrẹ́sọ̀, kí n lè gbọ́ fóònù.
Oníbàárà tó bá dé, kó dúró. Táyà tó bẹ́ lè dúró.
Sọ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà fún mi, àti ìgbà tí ẹ ó dé.
N ó kọ ọ́ sára pátákó tí mo fi ń kọ gbèsè,
Olúwatuyì, lábẹ́ orúkọ àwọn tó jẹ mí lówó.
Ohùn rẹ nìkan ni n ó gbọ́
kí n tó mú rágì, kí n pa á rẹ́.