Agolo Bọ́tìnnì

Orísíà ni wọ́n ń pè é.
Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òrìṣà ni etí mi mú,
mo ní, ta ló fẹ́ gba yàrá lọ́wọ́ òrìṣà?
Arúgbó obìnrin ni, ó ti lé lọ́gọ́rin,
ojú rẹ̀ bí aṣọ aró tó ti ṣá.
Òun ló ni ilé tí mo ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀
ní Wínípẹ́ẹ̀gì, níbi tí itọ́ ti ń di yìnyín kó tó balẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni okùn,
okùn aṣọ, láti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ amúlégbóná títí dé ìdí àtẹ̀gùn,
lórí rẹ̀, ọ̀rá búrẹ́dì mẹ́sàn-án.
Ó ti fọ̀ wọ́n, ó ti sá wọn,
omi ń kán lára wọn, tó, tó, tó.
Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe Adéòtí lórí fóònù:
"Onílé mi ń fọ ọ̀rá! Ahun ni.
Ìjàpá pàápàá á dọ̀bálẹ̀ fún un."

Èmi ńkọ́?
Èmi tí mo ń ra kọfí láràárọ̀ lójú ọ̀nà ibi iṣẹ́,
tí mo ń tan iná sílẹ̀ káàkiri yàrá
bí ẹni pé bàbá mi ló gbẹ́ odò tí wọ́n fi ń ṣe é.
Oṣù Kejì, ìwé owó iná dé.
Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo jókòó.
Mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo ṣí fìlà.

Ọjọ́ yẹn náà ni bọ́tìnnì ẹ̀wù òtútù mi já,
èyí tó wà lọ́rùn gan-an,
ọjọ́ tí òtútù fi ọgbọ̀n lọ sísàlẹ̀ òdo.
Mo ní n ó lọ ra ẹ̀wù tuntun. Gbèsè ni mo fẹ́ fi rà á.
Orísíà di apá mi mú lẹ́nu ọ̀nà.
Ó gbé agolo bísíkíìtì kan wá,
ó dà á sórí tábìlì, ṣàràrà:
bọ́tìnnì!
Ti ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ tó ti kú, ti aṣọ ọmọ ọwọ́,
ti bàbà láti ara ẹ̀wù ṣọ́jà,
ọ̀kan sì rèé, dúdú, olójú mẹ́rin,
bí ẹni tó ti ń dúró de ọrùn mi láti ogójì ọdún.

Ó ní, "Ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn jọ,
lọ́dún tí oko ò so, tí eruku bo oòrùn.
A kì í ju nǹkan nù nígbà náà.
Nígbà tó yá, mo gbàgbé bí wọ́n ṣe ń jù ú nù."

Àfi bíi kí ẹnì kan ṣílẹ̀kùn ilé ìdáná wa ní Ìgbàrà-Òkè.
Mo rí ìyá ìyá mi,
ó ń fún àjákù ọṣẹ mọ́ra wọn kí wọ́n lè di odidi,
ó ń fi eérú bo ẹ̀yinná àárọ̀
kó má baà ṣá ìṣáná lálẹ́.
Ìró tó gbó di ọ̀já, ọ̀já tó gbó di òṣùká,
òṣùká tó gbó di ìnulẹ̀.
Kò sẹ́ni tó pè é láhun.
Èmi ni ojú ń tì,
tí mo gbé ìwé tó fi bébà sìmẹ́ńtì bò lọ síléèwé.

Ọdún mẹ́fà rèé.
Egungun adìẹ kì í parí iṣẹ́ nílé mi
títí omi rẹ̀ yóò fi di ọbẹ̀.
Omi ìwẹ̀ gbígbóná, mi ò kí í tètè dà á nù,
ó gbọ́dọ̀ fi ooru rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé kó tó lọ.
Kọfí? Inú fúláàsì ló ń bá mi relé iṣẹ́.
N ò sọ pé mo dolówó.
Gbèsè ẹ̀wù yẹn ni n ò jẹ.
Ti mọ́tò ṣì wà níbẹ̀, a jọ ń sùn ni.

Orísíà ti lọ sílé àwọn arúgbó.
Èmi ló fún ní agolo náà.
Lánàá, mo ń fọ ọ̀rá búrẹ́dì lẹ́nu ẹ̀rọ omi,
Àńjọlá ọmọ mi dúró lẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín,
ó ń fi fóònù rẹ̀ yà mí.
Mo ní, yà á dáadáa.
Mo fi ọ̀rá náà kọ́ sórí okùn.
Tó. Tó.