Títí Yóò Fi Tó

Aago mẹ́rin ìdájí, Orpha, mo ti jí.
Ìrì dídì ti bo pápá àwọn Hottenstein.
Ajá wa gbórí sókè, ó tún gbé e lélẹ̀,
ó ṣe bí ẹni pé mo fẹ́ lọ tọ̀ lásán ni.
Mo wọ épírọ̀nù rẹ. Okùn rẹ̀ kò yí ikùn mi ká.
Má rẹ́rìn-ín.

Inú agolo bọ́tìnnì ni mo ti rí ìwé pélébé náà.
Bọ́tà ti rin ín fún ọ̀pọ̀ ọdún,
ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá bí ìyẹ́ eṣinṣin.
Ìyẹ̀fun, ife mẹ́rin. Ó yé mi.
Wàrà lílọ́wọ́ọ́wọ́, ìwúkàrà, ẹyin méjì. Ó yé mi.
Ó wá ku èérún tí a ó wọ́n sórí rẹ̀.
Bírò aláwọ̀ ewé tí báńkì fi ta wá lọ́rẹ lo fi kọ ọ́:
"Bọ́tà, ṣúgà, ìyẹ̀fun, títí yóò fi tó."

Títí yóò fi tó!
Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi wọn pákó fún Schaeffer,
mo mọ ìdá mẹ́rìndínlógún ínṣì kan lójú lásán,
kò sí ìwọ̀n kankan nínú àpótí mi tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Ta ni yóò sọ fún mi pé ó tó?

Ti Sátidé àkọ́kọ́ jóná.
Mo dà á fún àwọn adìẹ; adìẹ fẹsẹ̀ tu ú, wọ́n kọjá lọ.
Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, àárín rẹ̀ kò jinná,
ó gbé gbogbo èso mì bí ẹrẹ̀ ti í gbé bàtà.
Mo jẹ ẹ́ ṣá. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi jẹ ẹ́.

Òní ni ẹlẹ́ẹ̀kẹta.
Púlọ́ọ̀mù igi ẹ̀yìn ilé adìẹ ni,
agbọ́n ti kọ́kọ́ jẹ nínú wọn kó tó kàn mí.
Mo là wọ́n sí méjì, mo yọ kóró,
mo tò wọ́n lójú sókè, ìlà sí ìlà,
bí ẹni ń kan páànù òrùlé. Èyí, mo mọ̀ ọ́n ṣe.
Lẹ́yìn náà mo ti ìka bọ inú abọ́.
Bọ́tà tútù ń sá fún mi bí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀.
Mo ń rún un, mo ń rún un.
Ó dà bí ìyẹ̀ pákó lẹ́nu ayùn,
ó dà bí iyanrìn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa,
ó wá ń dì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, òmíràn tóbi, òmíràn kéré,
ọwọ́ mi sì dúró fúnra rẹ̀.
N kò mọ ohun tó dá a dúró.

O rántí ọjọ́ tí Verna wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà?
Ó tú bíbẹ́ kéèkì rẹ̀ palẹ̀ lórí tábìlì, ó ń wá nǹkan:
"Kéèkì kọfí la pè é, kọfí inú rẹ̀ dà?"
O ní, "Ó wà nínú ife bàbá àgbà."
Ọmọ náà yẹ ife mi wò. Ó gbà.

Òórùn kinamóní ti gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ṣáájú oòrùn.
Mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ìkẹta ṣì ń han.
Ó ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òru ló fi ṣiṣẹ́,
síbẹ̀ èérún ló kọ́kọ́ ń ṣà jẹ,
ìwà tí o fi ṣíbí lù ú lọ́wọ́ lé lórí.
Mo ní, "Ṣé ó tó?"
Ẹnu rẹ̀ kún. Ó na àwo rẹ̀ sí mi.

Mo wá bírò, mo fẹ́ kọ ìwọ̀n náà sílẹ̀
nítorí ẹni tí yóò tún wá ìwé yìí lọ́jọ́ mìíràn.
Mo jókòó tì í títí kọfí mi fi tutù.
Ká sòótọ́, Orpha,
n kò wọ̀n ọ́n.