Ilé Ọjọ́ Kan ní Májídùn

Wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́.
Ẹni tó sọ ọ́ kò sùn ní Májídùn lóṣù Ọ̀wàrà.
Agbè fọ́. Àpótí fọ́. Ògiri búlọ́ọ̀kù
tí Bàbá Ẹ̀hìnmọ̀wó fi ọdún mọ́kànlá mọ
rọ̀ bí ẹ̀kọ tí wọ́n gbàgbé sínú omi,
ó sì jókòó.

Inú kíláàsì kan ni mo ti bá wọn lápá òkè,
ìdílé mẹ́fà lábẹ́ pátákó ìkọ̀wé kan,
ìṣirò ọmọ iléèwé ṣì wà lára rẹ̀:
méje lọ́nà mẹ́sàn-án. Ẹnikẹ́ni ò parí ẹ̀.

Èmi ọmọ Ọ̀dẹ̀sànyà káfíńtà,
tí mo lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sórí ìwé,
mo tẹ́ bébà mi sórí tábìlì:
òpó mẹ́fà, igi ọ̀pẹ̀pẹ̀ tí omi kì í tètè jẹ;
ilẹ̀ pákó tó ga ju orókùn àgbà lọ;
òrùlé tó dagun sápá kan, kí òjò mọ ibi tó ń lọ.
Kò sí ìṣó. Èèkàn igi nínú ihò igi,
bí bàbá mi ti í kan ibùsùn ìyàwó.
Ènìyàn mẹ́rin, òòlù onígi méjì,
kí oòrùn tó wọ̀, ilé á ti dúró.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Kí n má purọ́.

Ìyá Ẹ̀hìnmọ̀wó wò ó títí.
Ó fi ìka tí òórùn ẹja ò kúrò lára ẹ̀
tẹ àárín bébà:
“Èéfín mi ńkọ́?
O ya ibi tí mo máa sùn,
o ò ya ohun tí mo máa jẹ kí n tó sùn.”

Mo pa á rẹ́, mo tún un yà, títí bébà fi lu.
Mo gbé ọ̀dẹ̀dẹ̀ síwájú, pẹpẹ amọ̀ sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀,
fèrèsé gíga tí kò ní ìlẹ̀kùn.
Mo wọn apá rẹ̀ méjèèjì ní nínà fún ẹnu ọ̀nà,
torí agbọ̀n ẹja ló ń gbé wọlé, kì í ṣe àpamọ́wọ́.
Ó ní kí n má dí ilẹ̀ pákó pinpin:
“Fi àlàfo sílẹ̀ níwọ̀n ìka,
kí n máa gbọ́ omi bó bá ń bọ̀.
Èyí tó kọjá, sìmẹ́ńtì ni ò jẹ́ n gbọ́.”

Níbi tí wọ́n ti ń la pákó,
Tìjání ń fi ẹ̀yìn ìka kan igi, ó ń tẹ́tí:
“Èyí gbẹ. Èyí ṣì ń mu ọmú ìyá ẹ̀,
ẹ má gbé e, á ká bí ìrù ajá.”

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbé òpó àkọ́kọ́ nàró.
Tìjání sáré lọ kírun, ó sáré padà.
Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, èéfín yọ lójú fèrèsé gíga.
Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà.

Onílé kan wá láti ọ̀nà Ṣàgámù:
“Ilé pákó? Ṣé ẹ fẹ́ dá wa padà sí ayé àtijọ́ ni?”
Ó wá fẹ̀yìn ti ògiri lọ́sàn-án gangan,
òógùn rẹ̀ gbẹ, kò sì tètè dìde.
“Ṣé ó lè gbé àjà míì lérí?”
Mo ní, mẹ́ta, bí a bá dè é dáadáa,
bí a bá ti gbọ́n ju iná lọ kí iná tó dé.
Ó rẹ́rìn-ín. Kò tíì padà wá.

Omi yóò wá lẹ́ẹ̀míì, kò sẹ́ni tó ń jiyàn.
Mo ti fi èédú kọ nọ́ńbà sára igi kọ̀ọ̀kan,
kí wọ́n lè tú u, kí wọ́n kó o sínú ọkọ̀, kí wọ́n tún un kàn.
Ìyá Ẹ̀hìnmọ̀wó ní nọ́ńbà ò tó.
Ó ní kí n kọ orúkọ òun sára òpó kẹfà,
kí ẹni tó bá rí i tó ń léfòó
mọ ẹni tó máa dá a padà fún.