Ẹni Tó Sùn Níbí Lóru Àná

Ìwé tí wọ́n fún mi kì í ṣe aláròyé:
ẹni mélòó ló sùn nínú ilé yìí lóru àná?
Ọkùnrin tàbí obìnrin. Ọjọ́ orí. Iṣẹ́. Ibi tó ti wá.
Mo fi bírò há irun, mo wọ bàtà rọ́bà nítorí ẹrẹ̀,
mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìlọta, ní Ṣàgámù,
ládùúgbò tí mo ti fi ọdún mọ́kànlélógún
kọ́ àwọn ọmọ wọn ní ìṣirò.

Ojúlé kìíní. Alájà méjì, fèrèsé mẹ́rìndínlógún,
wọ́n ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pa.
Ìyá Ọ̀náfowókàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí.
Ó ní, "Kọ méje."
Mo ní, "Ìyá, ẹni tó sùn níbí ni."
"Kọ Adésọjí. Húsítọ̀nù ló wà, àmọ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ò kúrò níbẹ̀.
Kọ Mọdúpẹ́ọlá. Arúgbó ẹlòmíì ló ń bá ṣọ́ òru ní Mansẹ́sítà,
kò sùn rárá, níbo lẹ fẹ́ kà á sí?"
Mo kọ ọ̀kan.
Ó wo ọwọ́ mi bí ẹni ń wo ẹlẹ́ran
tó fi àtàǹpàkò kún òṣùwọ̀n.

Ẹ̀yìnkùlé ilé kan náà: yàrá mẹ́rin, ènìyàn mọ́kàndínlógún.
Àwọn Ègùn tó ń kọ́lé, mẹ́fà lórí ẹní mẹ́ta;
Sẹ̀nà, ọ̀gá wọn, ní kí n má kọ lébìrà, kí n kọ bíríkìlà.
Obìnrin Ìgbìrà kan ń fọ́ òkúta ní kúárì.
Mo béèrè ọjọ́ orí rẹ̀.
"Ọdún tí wọ́n ri òpó iná mọ́lẹ̀ nílé wa, mo ti ń rá."
Mo ṣírò ọ́, mo kọ mẹ́rìndínlógójì.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n dín méjì níbẹ̀.
Chidubem tó ń ta páàtì ọkọ̀ ní ọmọbìnrin kan, ọmọ ọdún méje,
tó ń fi ojúlówó Rẹ́mọ bú adìyẹ
débi pé Ìyá Ọ̀náfowókàn gbè é lẹ́sẹ̀ láti iwájú ilé.

Ojúlé kẹsàn-án, ẹ̀gbẹ́ Sábó. Apẹ̀rẹ̀ obì, ewé tútù lórí wọn.
Màálàm Bàràú. Iṣẹ́: obì gbànja.
"Ibi tẹ́ ẹ ti wá ńkọ́?"
Ó ní, "Èmi ni, àbí bàbá bàbá mi?
Òun ló wá. Èmi ò ti ibì kankan wá.
Yàrá yìí ni wọ́n ti gé ìwọ́ mi. Obì ló ń lọ sí Kánò."
Àlàfo tó wà nínú ìwé kò gùn tó ìka mi.
Mo kọ: Ibí.

Ojúlé kejìlá ló dà mí láàmú.
Bàbá Ògúnńáìkè sùn lóru àná, kò jí.
Wọ́n ti fi aṣọ funfun bò ó.
Àkọ́bí rẹ̀ nujú, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ó kà á?"
Mo tún ìbéèrè náà kà.
Ó sùn níbí. Ìwé ò sọ pé ó gbọ́dọ̀ jí.
Mo kọ ọ́: ọkùnrin, ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì.
Ní yàrá kejì, ayálégbé kan ti bímọ ní aago márùn-ún ìdájí,
ọmọ náà ń ké bí ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè.
Òun náà sùn níbí lóru àná, inú lọ́hùn-ún.
Ìwé ní rárá.
Mo ṣí bírò, mo pa á dé, mo tún un ṣí.

Nírọ̀lẹ́, mo ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta,
ó fún mi ní iye mẹ́ta,
èmi tí mo kọ́ wọn ní ìròpọ̀.
Mo ń kó ìwé sínú ọ̀rá nígbà tí wọ́n kan ilẹ̀kùn.
Ìyá Ọ̀náfowókàn ni, fóònù lọ́wọ́,
iná rẹ̀ ń tàn sí i lágbọ̀n.
"Mọdúpẹ́ọlá ló wà lórí ẹ̀.
Ó ní ṣé lóòótọ́ lẹ ò kọ òun?"