Sítíárìn àbí Fèrèsé

Mobọ́ládé fi ohùn ránṣẹ́ láti Fẹróńà:
"Bàbá, ẹ yan ọ̀kan kó tó di ọjọ́ Àìkú.
Ṣé kí n bá yín háyà mọ́tò ni,
àbí kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè?
Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré lẹ̀yin àti Màámi ní."

Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Mo rẹ́rìn-ín.
Èmi Ajíbóyè, tí mo fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n wa lọ́rì Wọ́ọ̀kìsì,
tí mo gun òkè Ẹfọ̀n lóru, nínú òjò, pẹ̀lú iná iwájú kan ṣoṣo,
tí ènìyàn méjìlá ń hanrun lẹ́yìn mi,
ta ni yóò gbé mi jókòó bí àpò gààrí
sínú ọkọ̀ tí n kò mọ orúkọ awakọ̀ rẹ̀?

Mo ya ọ̀nà sórí tábìlì.
Ìdérí ìgò ni mo fi ṣe Mìláànì,
ẹ̀pà mẹ́ta ló di adágún Gáádà.
"Ìbíronkẹ́, wò ó. Bí mọ́tò bá wà lọ́wọ́ wa,
a rí abúlé lórí òkè, a yà.
A rí ẹni tó ń ta èso, a yà.
Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́, a yà."
Kò dá mi lóhùn. Ẹ̀wà ló ń ṣà,
ó ń ju òkúta inú rẹ̀ sínú agolo, ko, ko.

Ọmọ ti sọ tẹ́lẹ̀ pé àárín ìlú wọn lọ́hùn-ún
níbi tí mọ́tò àlejò kò gbọdọ̀ tẹ̀.
Kámẹ́rà kò ní nawọ́ dá ọ dúró,
yóò kàn wò ọ́ ni,
tó bá ṣe, ìwé ìtanràn á bá ọ délé.
Mo ní, ta lọlọ́pàá tí n kò bá sọ̀rọ̀ rí lójú títì?
Ìbíronkẹ́ ní, "Wàá bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀."
Ó ní Fẹ̀nísì ńkọ́, tó wà lórí omi?
Etí omi ni mọ́tò wa yóò sùn,
a ó sì tún sanwó oorun rẹ̀.

Ó wá gbé atẹ́ kalẹ̀.
"Láti ọjọ́ tí o ti fẹ́ mi wá láti Ìgbàrà-Odò,
ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ ọ̀tún ni mo mọ̀.
Mo mọ àpá etí yẹn. Ojú mi ni irun ibẹ̀ ṣe funfun.
A lọ sí Ìkọ̀gòsì, mo ní, wo igbó yẹn bó ti dúdú,
o ní, 'hùn ún.'
Nígbà tí a ń lọ sin ìyá mi, mo sunkún dé Arámọkọ,
o ní, 'hùn ún,' o yí jíà.
N kò bínú. Ọ̀nà le.
Ṣùgbọ́n mo fẹ́ jókòó dojú kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan,
kí ẹlòmíràn máa wa nǹkan náà lọ,
kí ìwọ náà wo ìta, kí o sọ fún mi pé, 'wò ó.'"

Rélùwéè kò dé ọ̀dọ̀ wa.
Òṣogbo ni mo ti kọ́kọ́ rí irin rẹ̀ nílẹ̀,
koríko hù láàárín rẹ̀, ewúrẹ́ kan sùn lé e.
Mo fẹsẹ̀ ta á. Mo ní, ohun tí kò lè yà fún kòtò,
kí la ó fi ṣe?

Oorun kọ̀. Mo jáde sẹ́yìnkùlé.
Òṣùpá wà. Òkè yí wa ká, odi Ẹfọ̀n,
òkè tí mo ti gùn tó ẹgbẹ̀rún ìgbà.
Ọ̀dà ni mo ń wò nígbà náà, kòtò ni mo ń wò.
N kò mọ̀ pé ó ga tó báyìí.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, mo rọra sọ̀rọ̀ sínú fóònù:
"Mobọ́ládé, rélùwéè ni. Ìjókòó tó kọjú síra.
Ṣùgbọ́n gbọ́, ọjọ́ kan péré, lápá ibi òkè yẹn,
bá mi háyà kékeré kan, oní-jíà,
kí n ṣáà fọwọ́ kàn án."

Láti inú yàrá, nínú òkùnkùn:
"Mo gbọ́ ọ o."