Sí Klemet, Akàn Inú Ìwé

Klemet, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí báyìí,
orúnkún mi ń dún bí ìlẹ̀kùn tí kò rí epo.
Èmi ni mò ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó ń kó èèyàn
láti erékùṣù wa lọ sí Bodø,
síbẹ̀, nínú àpótí irinṣẹ́ mi,
lábẹ́ sípánà nọ́ńbà mẹ́tàlá,
ìwọ lo wà níbẹ̀:
àwòrán tí mo gé lára èèpo ẹ̀yìn ìwé.
Epo dúdú ti jẹ ọ́ lẹ́sẹ̀ kan,
àwọn tó kù ṣì ń fẹ̀gbẹ́ rìn.

Eilert ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ kà ọ́ fún mi.
Oṣù Kejìlá ni, nígbà tí oòrùn kì í yọjú rárá,
tí ọ̀sán àti òru ń wọ aṣọ kan náà.
Ìyá wa wà níbi tí wọ́n ti ń gé ẹja,
òórùn ẹja kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ títí di Ọjọ́ Àìkú.
Eilert á fún imú pọ̀, á há ohùn, á ní,
"Ta ló sọ nǹkan nù? Èmi ni mo rí i o!"
Èmi á rẹ́rìn-ín títí n ó fi tọ̀ sára.

O kéré, ẹ̀mú rẹ ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ,
o ń ṣa ohun tí omi gbé wá sétí òkun,
o ń wá ẹni tó ni ín kiri.
Bọ́tìnì, o dá a padà fún apẹja.
Eyín àtọwọ́dá, o dá a padà fún bàbá àgbà
tó ti ń fi èrìgì lásán bá ìyàwó rẹ̀ jà.
Ṣùgbọ́n ìbọ̀wọ́ pupa kan, ti ọwọ́ òsì,
kò sẹ́ni tó wá gbà á.
O fi kọ́ orí òpó, o jókòó tì í.
"Yóò dé," ni o wí.
Ìwé parí.

Mo bínú sí ẹni tó ni ìbọ̀wọ́ yẹn!
Irú ọ̀lẹ wo rèé? Ṣé òtútù ò mú un lọ́wọ́ ni?
Mo fi pẹ́ńsùlù kọ lẹ́tà sí i.
Ìyá wa ní òun ò mọ àdírẹ́sì rẹ̀.

Ọkọ mi àkọ́kọ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ.
Ó ní àgbà tó ń bá akàn sọ̀rọ̀, orí rẹ̀ ò pé.
Èkejì ò sọ nǹkan kan.
Ó ra sípánà tuntun fún mi,
ó to gbogbo rẹ̀ sínú àpótí,
ó sì dá ọ padà sí àyè rẹ.
Òun la jọ ń darúgbó.

Lóṣù Kẹwàá tó kọjá, a rí ọkọ̀ Eilert.
A ò rí Eilert.
Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá fún mi nínú ọ̀rá:
fíláàsì tíì, rédíò, bàtà òjò ẹsẹ̀ kan.

Lálẹ́ ọjọ́ náà mo wá ìwé rẹ jáde,
mo kà ọ́ dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn.
Ayàwòrán ya òkun jẹ́ẹ́ sẹ́yìn rẹ,
bí ẹni tó jẹ ohun olóhun tó sì ti nu ẹnu.
Áà, Klemet.
Ọdún méjìléláàádọ́ta ni mo fi ń bú òkú.
Ìwọ mọ̀. O mọ̀, o sì jókòó.

Sunniva ọmọ-ọmọ mi ò gba tìẹ.
Ó ní akàn ò lẹ́wà, ti ẹṣin ni kí n kà.
Kò burú. Mo ka ti ẹṣin.

Bàtà náà wà lórí òpó ní èbúté.
Ọ̀gá ọkọ̀ ní kí n yọ ọ́, afẹ́fẹ́ á gbé e.
Mo ní, "Yóò dé."
Ó wò mí.
Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ tan ẹ́ńjìnnì.